Oyè Ọ̀tọ̀, Oríkì Ọ̀tọ̀: Ìtàn Túndé Ọnàkọ̀yà Ará Ìkòròdú Lójú Lámèyítọ́

Ní kíláàsì ewì alohùn tí mo ń kọ́ ní Ẹ̀pẹ́, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ oríkì ẹnì kan tí ó ṣì wà láàyè, tí kì í ṣe ọba, tí kì í sì í ṣe olóṣèlú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó máa ń ti Ìkòròdú wá, tí ó ń gba ojú ọ̀nà Ìtóìkín ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kí ó tó bá wa, yan Túndé Ọnàkọ̀yà. Ìlà kìíní iṣẹ́ rẹ̀ pe ọkùnrin náà ní grandmaster àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé "Irọ́ ni." Nígbà tí mo dá ìwé padà, ọmọ náà dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé bí akéwì bá pe jagunjagun ní ẹkùn, a ò gbọdọ̀ máa wá ìrù lára rẹ̀. Kí ló wá dé tí tèmi fi di irọ́?" N kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ni èsì tí mo jẹ ẹ́.

Kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oyè náà. FIDE, àjọ àgbáyé tí ó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, ni ó ń fi ènìyàn jẹ grandmaster. Ní 1950 ni wọ́n kọ́kọ́ fi oyè náà dá àwọn òṣèré 27 lọ́lá. Ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lónìí gbọ́dọ̀ dé òdiwọ̀n 2500, kí ó sì ti ṣe dáadáa dé ìwọ̀n tí àjọ náà là sílẹ̀ nínú àwọn ìdíje tí àwọn olóyè mìíràn ti kópa. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ di ọjọ́ ikú nìyẹn. Kò tíì sí ẹni tí ó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì fún Nàìjíríà tí ó jẹ ẹ́. Àwọn tí ó súnmọ́ ọn ni àwọn tí wọ́n jẹ oyè tí ó tẹ̀lé e, International Master: Odion Aikhoje wà lára wọn, ẹni tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù lórí pátákó tirẹ̀ ní Òlíńpíádì ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ṣe ní Elista ní 1998; Ọládàpọ̀ Adú náà wà níbẹ̀. Amon Simutowe, ọmọ Zambia, jẹ grandmaster ní 2009. Túndé Ọnàkọ̀yà kò jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìwé ìròyìn wa, tí ó sì ń gbọ́ rédíò, yóò ti bá a pàdé lábẹ́ orúkọ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tí Túndé ṣe kò ṣókùnkùn. Ìkòròdú ni ó dàgbà sí. 1994 ni wọ́n bí i. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, nígbà tí ó jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí owó tí wọn yóò fi rán an lọ sí girama, ó sì jókòó sílé. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní àdúgbò ni ó ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ìyá rẹ̀ ni ó lọ bá onílé-ìwé kan ṣiṣẹ́ kí ọmọ lè rí ibi kàwé. Ó lọ sí Yabatech, ó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì ń ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú ìdíje. Ní 2018 ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀. Májídùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àdúgbò etí omi tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó gba Èkó wọ Ìkòròdú. Láti ibẹ̀ ó dé Mákòkó, ó dé abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Épírì 2024, òun àti Shawn Martinez, ọmọ Amẹ́ríkà, jókòó sídìí pátákó ní Times Square ní New York, wọn kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi pé wákàtí 60. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wákàtí 56, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 37 tí àwọn ará Norway méjì fi lélẹ̀ ní 2018. Ará Norway tún padà wá rékọjá wọn láàárín oṣù díẹ̀. Ni Túndé àti Martinez bá padà sí Times Square ní oṣù Épírì 2025, wọ́n sì ta á fún wákàtí 64.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò ti mọ bí egungun rẹ̀ ṣe tò. Ibi tí kò dára ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan fa ènìyàn yọ níbẹ̀. Ó gòkè, ó dé téńté, ó wá na ọwọ́ sí àwọn tí ó kù nísàlẹ̀. Túndé fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń tún sọ, pé ó ṣeé ṣe láti ṣe ohun ńlá láti ibi kékeré. N kò fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ náà. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni ó ní òun fẹ́ kó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé nígbà tí ó kọ́kọ́ jókòó sí Times Square, àjèjì tí yóò sì yọ owó lápò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn tí ó yé e. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsọ̀tàn kọ̀ọ̀kan ní gbèsè tí ó máa ń sin. Èyí ń sin méjì: ó fẹ́ kí ìsàlẹ̀ jìn, ó sì fẹ́ kí òkè ga. Bí òkè kò bá ní orúkọ, etí olùgbọ́ kò ní balẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ ni "grandmaster" gbà wọlé. N kò rò pé akọ̀ròyìn tí ó kọ ọ́ ní in lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìtàn ni ó ń béèrè òkè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì wá èyí tí ó ga jù mú.

Gbèsè kejì ni ó dùn mí jù, nítorí Ìkòròdú ni wọ́n bí èmi náà sí. Kí Túndé tó lè ga, Ìkòròdú gbọ́dọ̀ kéré. Nínú púpọ̀ ohun tí a kà nípa rẹ̀, ìlú náà kì í ní ọba, kì í ní ọjà, kì í ní Májídùn tí ó ní ẹja àti ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "slum". Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. A ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, a ní etí omi, a ní ibi tí ilé ti fún mọ́ra, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ó mú ibi tí ènìyàn ń gbé, tí ó sọ ọ́ di àìsàn. Nínú orúkọ IBILE tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi so ẹkùn rẹ̀ márùn-ún pọ̀, Ìkòròdú ni I kejì, Ẹ̀pẹ́ ni E tí ó kẹ́yìn. Ìlú tí ó ní Ayángbùrẹ́n kì í ṣe ibi kékeré lójú ẹni tí ó ń ki ọmọ ibẹ̀.

Bí oríkì ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Adébóyè Babalọlá kó oríkì orílẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1967. Ẹni tí ó bá ka àkójọ náà yóò rí i pé ibi tí ènìyàn ti wá ni akéwì ti ń bu iyì sí i lórí. Títóbi orírun ni ó ń gbé ọmọ ga. Karin Barber náà, nínú ìwé tí ó kọ ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù, fi hàn pé oríkì kì í tò láti ìbí dé ikú. Ègé ègé ni. Ègé kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì ń pe ohun tí ènìyàn jẹ́ jáde kí ojú gbogbo ayé lè rí i. Kò sí òkè kankan tí a ń gùn. Nítorí náà kò sí ìdí tí ìsàlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jìn.

Ìlú tí mo ti ń kọ́ni yìí gan-an mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó wá. Lójú ọ̀nà ìsọ̀tàn tí mo ń sọ bọ̀, ìṣubú gbáà ni: ọba kúrò ní ibi ńlá, ó bọ́ sí ibi kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ń fi ọdún Káyòkáyò rántí ìgúnlẹ̀ náà, tìlù tìfọn, tẹbí tará. Ọjọ́ tí ìlú gba àlejò ńlá ni wọ́n ń rántí.

Mo lè wá dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn wàyí. Nígbà tí akéwì pe ènìyàn ní ẹkùn, kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́ pé ẹkùn ni. Àsọdùn náà wà ní gbangba, ẹwà rẹ̀ sì wà nínú pé gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí onísọ̀ọ̀rọ̀ tí yóò dúró ní etí ọjà Ẹ̀pẹ́, kí ó pe ẹni tí kì í ṣe Ọlọ́jà ní Ọlọ́jà, kí ó wá ní àfiwé ni òun ń ṣe. Oyè ní ẹni tí ó ń fi í jẹ, ó ní ọjọ́ tí a jẹ ẹ́, ó ní àwọn tí wọ́n dupò rẹ̀ tí wọn kò rí i mú. Grandmaster, oyè ni. Ẹni tí a bá fi í ki láìjẹ ẹ́, kì í ṣe pé a sọ ọ́ dùn. A gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún un. Ta ni ẹlòmíràn náà? Aikhoje ni, Adú ni, àti gbogbo àwọn tí wọ́n fi owó ara wọn lọ sí ìdíje lẹ́yìn odi láti lé òdiwọ̀n kan tí ọwọ́ wọn kò bà. Bí gbogbo ayé bá gbà pé Nàìjíríà ti ní grandmaster, ta ni yóò tún béèrè ìdí tí a kò fi ní i?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìtàn ìgbésí ayé ni èyí, kí a fi ṣe àfiwé pẹ̀lú ẹni tí ó jẹ oyè náà ní tòótọ́. Ó dára. Maurice Ashley ni a ó mú. Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí ní 1966. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó dé New York, ní Brooklyn. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ni ó lù ú bolẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ni ó bá lọ wá ìwé ṣẹ́ẹ̀sì ní ilé ìkàwé. Ní 1999 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ grandmaster. Òǹkọ̀wé ni pẹ̀lú. 2005 ni ìwé rẹ̀ Chess for Success jáde, ohun tí ṣẹ́ẹ̀sì lè ṣe fún ọmọdé ni ó sì dá lé. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí ọdún kan tí ó máa ń ṣubú láàárín: ní 1991, ọdún mẹ́jọ kí ó tó jẹ oyè, àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Harlem tí ó ń kọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ olùkọ́ ṣáájú oyè. Bí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, oyè ni a fi ń ṣíde, àwọn ọmọ Harlem á wá di àfikún. Bí oyè tòótọ́ bá lè bo iṣẹ́ olùkọ́ mọ́lẹ̀ báyìí, kí ni oyè tí a yá lò yóò ṣe sí Májídùn?

Ẹnìkan wà tí ìtàn wa pa rẹ́ ju Májídùn lọ, Shawn Martinez ni. Òfin irú eré bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn méjì kan náà gbọ́dọ̀ máa ta á láìdáwọ́dúró. Fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ta, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n ní fún ìsinmi. Gbogbo wákàtí tí Túndé kò fi sùn, Martinez náà kò sùn. Wọ́n yí wọn ká, orin ilẹ̀ Áfíríkà ń lọ lábẹ́ lẹ́tà iná Times Square, àwọn ọmọ Nàìjíríà ń hó, ẹni tí wọ́n ń hó fún sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. N kò dá wọn lẹ́bi lójú agbo. Gbogbo agbo ní ẹni tí ó ń gbè. Ẹni tí mo dá lẹ́bi ni ẹni tí ó padà délé, tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ó kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì láìdárúkọ ẹni tí ó wà níwájú Túndé. Ẹ tún wò ó: nínú gbogbo ìròyìn wákàtí 60 yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó béèrè pé ta ni ó jẹ ta. Ìfaradà ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Òṣùwọ̀n FIDE kò lè wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n FIDE kò sì pọn dandan fún un.

Yorùbá ní èdè tí a lè fi sọ eléyìí, ó sì jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu fún mi pé a kò lò ó. Ayò ọlọ́pọ́n ni mo ń sọ: ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. A. O. Odeleye ti kọ ìwé lórí eré náà ní 1977. Kò sí àjọ tí ó ń fi ènìyàn jẹ ọ̀ta. Ojú agbo ni a ti ń jẹ́ ẹ. Òní ni ènìyàn lè jẹ́ ẹ, kí ó di òpè lọ́la bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá gbóná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀ta kò lè dá jẹ́ ọ̀ta. Ẹ̀fẹ̀ tí a ń ṣe nídìí ayò, gbogbo èébú àti orin tí ó ń bá a rìn, ẹni tí ó jókòó sí òdìkejì ọpọ́n ni a ń sọ ọ́ sí. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kò sí ọ̀rọ̀ láti sọ. Lámèyítọ́ tí ó bá ti ibẹ̀ wo Times Square, Martinez ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni yóò bà tẹ̀lé e, nítorí pé ibi tí a ti kọ́ ayò wà lára ohun tí ọ̀ta fi ń ṣakọ. Ìsọ̀ yẹn kì í ṣe ibi kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa ìkọ̀wé. Túndé ń kọ̀wé púpọ̀, lórí Twitter tí wọ́n ń pè ní X báyìí: ègé ìtàn kan nípa ọmọ kan lónìí, àwòrán méjì lọ́la, ìròyìn owó ilé-ìwé lọ́tunla. Ìtàn ìgbésí ayé tí ó ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí òǹkàwé ń dá sí bí ó ṣe ń jáde, kò ṣàjèjì ní Èkó. Ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà ni ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, àwọn òǹkàwé sì gbà á bí ẹni tí wọ́n mọ̀. Èdè Yorùbá ni Thomas fi kọ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Túndé fi ń kọ púpọ̀ tirẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé mi: ẹni tí ó ń wá owó ní New York kò ní fi èdè Májídùn wá a. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ni àwáwí tiwa tí a fi ń tú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìlà dé ìlà, pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti òkè rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti pa ìlà kìíní rẹ́. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi díẹ̀ lára ohun tí ó gbé wá síhìn-ín:

Ọ̀ta ọmọ Ìkòròdú,
A-jókòó-ti-ọba-igi bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná,
Òun àti Martinez, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́,
Ilẹ̀ tún ṣú, wọn ò dìde.
Àwọn ọmọ Májídùn ń ka ilé lórí pátákó,
Ẹ ní ta ló kọ́ wọn?
Wọ́n nawọ́ sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀.

Mo fún un ní máàkì tí ó tọ́ sí i, mo sì béèrè ohun tí ó ń jẹ́ ọba igi. Ó wò mí. Ó ní igi tí wọ́n gbẹ́ bí ọba ni, èyí tí gbogbo àwọn tí ó kù ń dáàbò bò, ó sì béèrè bóyá n kò tíì ta ṣẹ́ẹ̀sì rí. N kò tíì ta á rí. Ní ọjọ́ Ẹtì ó gbé pátákó wá sí ọ́fíìsì mi, ó to igi sórí rẹ̀, ó ṣàlàyé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn, ó sì jẹ mí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọlé. Kò pè mí ní òpè. Ó kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà," ó sì ń to igi padà.